Ọ̀pá Ike Kékeré Lára Òpó Iná

Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ní òpópónà London, tó sì gbójú sókè, á rí ọ̀pá ike kékeré kan lára àwọn òpó iná kan, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Okùn ike ni wọ́n fi dè é mọ́ òpó. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì, kò sí iná tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Wọ́n dé e lórí, wọ́n sì ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà, láti Peckham dé Tottenham, tí wọn kò fi ìgbà kankan bi ara wọn léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ káńsù ló so ó kọ́. Nínú ìdérí rẹ̀ ni àsẹ́ onírin wínníwínní wà, tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn kan tó máa ń mú nitrogen dioxide mọ́ra. Gáàsì yìí ló ń jáde láti ìdí ọkọ̀, pàápàá ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe èéfín dúdú tí ojú ń rí. Ó lè kún títì kí ojú ọ̀run sì mọ́ gaara, àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òṣìṣẹ́ náà á padà wá, á dé ìdí ọ̀pá náà, á so òmíràn rọ́pò, á sì kó ti àkọ́kọ́ lọ fún àwọn onímọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Àwọn yẹn á ṣírò iye gáàsì tó lẹ̀ mọ́ àsẹ́ láàárín oṣù náà. Oṣù méjìlá, ọ̀pá méjìlá: bí wọ́n bá ro iye wọn pọ̀ tí wọ́n sì pín in sí méjìlá, wọ́n á mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lójú títì yẹn ní gbogbo ọdún. Nínú àpótí afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí nitrogen dioxide ju microgram 40 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé tiẹ̀ ti sọ láti ọdún 2021 pé 10 ló yẹ kó jẹ́.

London ní ìjọba ìbílẹ̀ 32, láìka City of London, tó jẹ́ ojú ìlú àtijọ́. Òfin àyíká tí wọ́n ṣe lọ́dún 1995 ló di iṣẹ́ yìí rù wọ́n. Káńsù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa yẹ afẹ́fẹ́ agbègbè rẹ̀ wò. Ibi tí iye náà bá ti kọjá ààlà òfin, káńsù gbọ́dọ̀ kéde ibẹ̀ ní gbangba pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò dára, kó kọ ohun tó fẹ́ ṣe sí i sílẹ̀, kó sì máa jábọ̀. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni. Kò sí ẹni tó ń gé tẹ́ẹ́pù níbi tí wọ́n ti so ọ̀pá ike kọ́.

Ikú ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, òtútù mú, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, èéfín èédú láti inú ilé àti ilé-iṣẹ́ sì dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo London mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹlòmíràn kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lójú títì. Nígbà náà, wọ́n ka òkú tó tó 4,000; àwọn tó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn náà sọ pé ó lè tó 12,000. Lọ́dún 1956, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, wọ́n sì fún káńsù lágbára láti kéde agbègbè tí èéfín kò gbọ́dọ̀ ti jáde láti ihò èéfín ilé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọn kò fi òfin nìkan lé àwọn aráàlú lórí. Wọ́n san nínú owó tí onílé máa fi yí ààrò rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo máa padà sí i.

Èéfín èédú lọ, ọkọ̀ dé. Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa nìyí, nítorí níbẹ̀ ni a ti rí i pé wíwọn afẹ́fẹ́ lásán kò tó.

Ọdún 2004 ni wọ́n bí Ella Adoo-Kissi-Debrah. Ní Lewisham, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, ló gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Rosamund, ní nǹkan bí mítà 25 sí South Circular, títì ńlá tí ọkọ̀ kì í tán lórí rẹ̀ tọ̀sántòru. Ara ọmọ náà le títí ó fi kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méje. Ìgbà náà ni ásímà bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe irú èyí tí oògùn tí wọ́n ń fà símú á pa lẹ́nu mọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta, nǹkan bí ìgbà 30 ni wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ó kú lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ìwádìí àkọ́kọ́ lórí ikú rẹ̀, lọ́dún 2014, kò ka ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ mọ́ ohun tó pa á. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Stephen Holgate, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀dọ̀fóró ní Yunifásítì Southampton, kó àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ọmọ náà, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní Catford, nǹkan bíi máìlì kan sí ilé wọn. Ohun méjèèjì bára mu: ìgbà tí ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ bá ru sókè ni wọ́n sábà máa ń gbé Ella sáré. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé èsì ìwádìí àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Philip Barlow, ẹni tí òfin yàn láti wádìí ikú náà, sọ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nínú ohun tó pa ọmọ yìí. Ella ni ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Britain tí wọ́n kọ ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ sínú ìwé-ẹ̀rí ikú rẹ̀.

Barlow sọ nǹkan kan tí ó ń dùn mí títí di òní. Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún ìyá Ella pé afẹ́fẹ́ títì lè mú kí ásímà ọmọ rẹ̀ burú sí i, àti pé ká ní ó mọ̀ ni, ì bá gbé ìgbésẹ̀ tó lè gba ọmọ náà là. Ẹ wò ó: ẹ̀rọ wà ní Catford. Ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ìjábọ̀ sì ń jáde. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, kò dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń fẹsẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀bá South Circular lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìjọba tó bá wọn afẹ́fẹ́ tí kò sọ fún ẹni tó ń mí in ti ṣe ìlàjì iṣẹ́ ni, ìlàjì tó kù ló sì ń gba ẹ̀mí là.

Kì í ṣe pé London kò mọ̀ pé títì rẹ̀ burú. Òfin fàyè gba pé kí gáàsì yìí kọjá microgram 200 láàárín wákàtí kan, bí kò bá ti ju ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún lọ lọ́dún. Ní Brixton Road lọ́dún 2017, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ni wọ́n ti lo ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún yẹn tán. Ọdún tuntun kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Láti ọdún 2003 ni ìlú náà ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wakọ̀ wọ àárín ìlú, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ìyẹn wà fún. Ti afẹ́fẹ́ gan-an ni ULEZ, ètò tó ń gba owó lórí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀, tí Sadiq Khan, Mayor London, bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2019. Òun fúnra rẹ̀ ní ásímà tó mú un lẹ́yìn tó ti dàgbà, ó sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àárín ìlú nìkan ni ètò náà kọ́kọ́ mú. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó fẹ̀ dé South Circular àti North Circular. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ London tán.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Kò sí géètì bíi ti Lẹ́kí, kò sí ẹni tó máa na ọwọ́ sí ọ pé kí o dúró. Kámẹ́rà lẹ́bàá títì á ka nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ̀rọ á sì wo inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ láti mọ irú ẹ́ńjìnnì tó ní. Ọkọ̀ epo bẹntiróòlù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2006 sábà máa ń yege. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ní láti jẹ́ tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti bí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Èyí tí kò bá yege á san £12.50 lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé kẹ̀kẹ́ lé títì. Ẹni tó bá gbàgbé láti san án láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìwé ìtanràn £180 á kàn án lára. Bí ó bá tètè san án láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gba ìdajì.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní London mọ apá kan òfin yìí dunjú, nítorí òru ọjọ́ àríyá ló ti ń bá wọn. Láti ọ̀gànjọ́ òru dé ọ̀gànjọ́ òru kejì ni wọ́n ka ọjọ́ kan sí. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ lọ sí òde ìgbéyàwó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tó nawó fún olórin títí agogo méjìlá fi lù, tó wá wakọ̀ padà sílé, ọjọ́ méjì ló jẹ: £25. Ọjọ́ Kérésìmesì nìkan ni wọn kì í gbà á.

Èrò tó wà nídìí owó yìí ni pé kí ọkọ̀ àtijọ́ kúrò lójú títì. Bí ètò náà bá ṣe ń yọrí sí rere ni owó tó ń wọlé á máa dín kù, torí kò ní sí ẹni tí wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo gbà pé èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Obìnrin tó ń lọ tún ọ́fíìsì ṣe ní aago mẹ́rin òru kí bọ́ọ̀sì tó pọ̀, ọkùnrin tó ń fi fáànù gbé isu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ní Rye Lane, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé àwọn ìyá àgbà wá sí ìsìn: àwọn wọ̀nyí ló ń lo ọkọ̀ àtijọ́, nítorí òun ni owó wọn ká. Ìjọba kan náà ló sì sún ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ìdí dísẹ́ẹ̀lì. Láti ọdún 2001 ni owó orí ọkọ̀ ní Britain ti ń fi ojú rere wo dísẹ́ẹ̀lì, nítorí carbon dioxide rẹ̀ kéré. Ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn ìjọba nígbà náà ni ìjọba padà wá bu owó fún.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọdún 1956 ti padà wá. Mayor ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba £2,000. Àwọn oníṣòwò kékeré gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fáànù, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ náà sì rí tiwọn gbà lórí bọ́ọ̀sì kékeré. Àmọ́ fún ìgbà pípẹ́, nínú àwọn tó ní ọkọ̀ fún lílo ara wọn, ẹni tó ń gba ìrànwọ́ ìjọba nìkan ló tọ́ sí. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ará London, ọjọ́ mẹ́jọ péré ṣáájú ọjọ́ tí owó máa bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìlú. Èyí kò dára. Ó yẹ kí ìrànwọ́ ti ṣáájú ìyà pẹ̀lú ọdún kan ó kéré tán. Ìbínú tó tẹ̀lé e ì bá má tó bó ṣe tó.

Ìbínú náà pọ̀. Káńsù mẹ́rin ní London, Bexley, Bromley, Harrow àti Hillingdon, pa pọ̀ mọ́ káńsù Surrey, wọ́n gbé Mayor lọ sílé ẹjọ́ gíga. Adájọ́ dá a láre lọ́jọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2023. Ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ìdájọ́ náà, ẹgbẹ́ òṣèlú Mayor pàdánù ìdìbò sílé aṣòfin ní Uxbridge pẹ̀lú ìbò 495, ULEZ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dá lẹ́bi. Àwọn kan ń jáde lóru lọ gé wáyà kámẹ́rà. Ẹni tó bá ń ṣe ohun tó kan ọkọ̀ aráàlú gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún irú èyí. Síbẹ̀, lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, ará London tún dìbò yan Khan.

Kí wá ni èsì ètò náà? Ní ọdún 2017, nǹkan bí ọkọ̀ 39 nínú 100 ló bá ìlànà mu ní àárín ìlú. Ọdún kan lẹ́yìn tí ètò náà gba gbogbo London, ó ti lé ní 96 nínú 100. Ìjábọ̀ tí ọ́fíìsì Mayor gbé jáde lọ́dún 2025 sọ pé nitrogen dioxide lẹ́bàá títì fi 27 nínú 100 dín sí iye tí ì bá jẹ́ ká ní kò sí ULEZ. Eruku wínníwínní tó ń ti ara táyà àti bíréèkì jáde kò ṣeé lé lọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ̀ oníná mànàmáná náà ní táyà. Ìyẹn ṣì kù nílẹ̀.

Káńsù ní ohun mìíràn lọ́wọ́ tí kò ná owó púpọ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù lọ. Wọ́n ń ti títì iwájú ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ọkọ̀ ní àkókò tí ọmọ ń wọlé àti àkókò tí ọmọ ń jáde. Àmì kan á wà níbẹ̀rẹ̀ títì náà, kámẹ́rà tàbí òṣìṣẹ́ á máa ṣọ́ ọ, àwọn tó ń gbé àdúgbò á gba ìwé àṣẹ. Ó ti lé ní 500 irú títì bẹ́ẹ̀ ní London. Nígbà tí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ níwájú ilé ẹ̀kọ́ 18 ní Brent, Enfield àti Lambeth, wọ́n rí i pé nitrogen dioxide fi tó 23 nínú 100 dín kù ní àkókò tí àwọn ọmọ ń wọlé láàárọ̀. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ṣì ń dàgbà. Ìwádìí kan lórí ọmọ tó lé ní 2,000 ní ìlà-oòrùn London, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń mí afẹ́fẹ́ títì kéré sí bó ṣe yẹ kó tó ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100.

Àti ti sísọ fún aráàlú ńkọ́? Lónìí, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá burú, ìkìlọ̀ máa ń hàn ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì. Ètò kan wà tó ń jẹ́ airTEXT, tó ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní London tí ọmọ yín ní ásímà, ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ gba títì ẹ̀yìn lọ sílé ẹ̀kọ́ dípò títì ńlá, bó tiẹ̀ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún jìnnà sí i.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ nílé ńkọ́? Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ pa èèyàn 11,200 láìtọ́jọ́ ní ìlú Èkó lọ́dún 2018 nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ epo àti ti jẹnẹrétọ̀ ju agbára káńsù lọ. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi gáréèjì, ọjà, odò ẹran àti kíkó pàǹtírí sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní tààràtà. Ẹ wo mẹ́ta nínú wọn. Gáréèjì ni àwọn dáńfó ti ń tú èéfín ní gbogbo ọjọ́. Odò ẹran ni wọ́n ti ń dáná táyà láti fi jó irun ara màlúù kí pọ̀nmọ́ tó jáde. Ààtàn ni wọ́n ti ń sun ọ̀rá òun ike lóru. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó ní kí ẹ dúró de Abuja.

Ọ̀pá ike tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò lo iná, NEPA kò lè mú un dákẹ́. Gáàsì kan péré ló ń wọ̀n ní tòótọ́, kò lè ka gbogbo èéfín táyà, àmọ́ ibẹ̀ náà ni London ti ń mọ bí títì rẹ̀ ṣe rí. Ẹ so ó kọ́ ní gáréèjì yín àti níwájú ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ ọn jù. Bí èsì bá sì dé lóṣooṣù, ẹ má fi pamọ́ sínú fáìlì. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ògiri káńsù, ní Yorùbá, kí ìyá tó ń mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ lè kà á.